Iṣẹ́ ọwọ́ wo ni kí àbúrò mi kọ́ ní Ìlọrin? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ÌyáHámdálà, Gáà-Àkànbí

Salamu alekun, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá o. Ó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, WAEC rẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n JAMB ò fojúure wò ó. Ó kàn wà nílé ni, kó tẹ fóònù láàárọ̀, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá wa ní kó lọ kọ́ télọ̀, torí ìbátan wa kan ní ṣọ́ọ̀bù l'Ójà Ọba tí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọmọ náà ní wẹ́dà ló wu òun. Ọkọ mi ní kí lẹnì kan fẹ́ fi wẹ́dà ṣe, sólà layé wà báyìí.

Ohun tí mo ní nílẹ̀ fún un ò ju ₦200,000 lọ, owó ìkọ́ṣẹ́ àti irinṣẹ́ pọ̀. Ó lè kúrò n'Ílọrin, a ní ẹbí l'Ọ́fà àti l'Ájàṣẹ́-Ìpo. Èwo ló lè fi jẹun? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń bá ọ̀gá ṣàdéhùn tí wọn ò fi ní sọ ọmọ ọlọ́mọ di ọmọ ọ̀dọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

ỌmọÌpàta

Sólà! Ẹ má wulẹ̀ rò ó. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, ta ló tún ń fi jẹnẹrétọ̀ sùn? Àwa tá a wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, wọ́n gbé owó iná lọ sí ₦225 lórí yúníìtì kan ní April 2024, gbogbo ẹni tó rí owó díẹ̀ ló sá lọ sídìí sólà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti ń gba iṣẹ́ báyìí.

SólàTánkẹ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gan-an ló ń bà wá lórúkọ jẹ́.

Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe, mi ò sì ní bú ohun tí mo fi ń bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún arábìnrin yìí. Àwọn ọlọ́sẹ̀ méjì ti kún ìgboro, kí wọ́n ṣáà gun òrùlé nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n pè mí sí ilé kan, charge controller, ẹ̀rọ tó ń darí iná láti páànẹ́ẹ̀lì sínú bátìrì, ti jó. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbà ju vólítì 150 lọ. Ẹni tó ṣe é so páànẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ vólítì 49.5. Ẹ ṣírò ẹ̀: 148.5. Lójú tiẹ̀, ó ṣì ku díẹ̀. Kò mọ̀ pé iye tí wọ́n kọ sẹ́yìn páànẹ́ẹ̀lì, ìgbà tí ara rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n ooru 25 (Celsius) ni wọ́n fi kọ ọ́. Bí ó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, vólítì á gòkè. Gbogbo ìgbà ooru, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọyẹ́ dé, oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, páànẹ́ẹ̀lì tutù rinrin, vólítì fo 150 kọjá, ó parí. Onílé ti ń sọ pé aráyé ló wà nídìí ẹ̀.

Ti bátìrì ńkọ́? Méjì 12V 220Ah tí a so di 24V, 5,280Wh ló wà níbẹ̀ lórí ìwé. Bó bá jẹ́ tubular, ìyẹn bátìrì olómi, tí a ò bá fẹ́ kó tètè kú, nǹkan bí ìdajì la máa ń lò, 2,640 nìyẹn. Ilé tó ń fa 500W, ìyẹn fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n, fíríìsà kékeré àti gílóòbù, kò ní lò ó tó wákàtí márùn-ún kí ínfátà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, torí ínfátà náà ń jẹ tiẹ̀. Ẹni tí kò lè jókòó ti oníbàárà kó ṣe ìṣirò yìí fún un kó tó gbowó, èébú ni yóò máa gbọ́ lórí fóònù láti alẹ́ dòwúrọ̀.

Bí sólà bá wù wọ́n, kó kọ́ iṣẹ́ iná inú ilé ná, kó mọ wáyà fífà, kó mọ earthing, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kó tó wá fi sólà lé e. Ọdún méjì ó kéré tán.

Ọ̀gáJórin, Sawmill

Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ kó ṣe ohun tó wù ú. Ẹ ṣáà ń sin wẹ́dà lọ sí ibojì, ilé wo ni wọ́n ń kọ́ n'Ílọrin lónìí tí kò ní géètì, tí kò ní irin ojú fèrèsé, tí kò ní irin tí tánkì omi máa dúró lé?

Àmọ́ mi ò ní tan yín. Oṣù àkọ́kọ́, kò ní fọwọ́ kan iná. Yóò gbálẹ̀, yóò gbé irin, yóò máa fi òòlù kékeré gbá ìdọ̀tí kúrò lójú ibi tá a jó, yóò máa fi gíráńdà dán an. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá lọ. Ẹni tó bá fara dà á, a ó fún un ní electrode, ọ̀pá tí a fi ń jó irin pọ̀, ti gauge 12 lórí irin tó nípọn díẹ̀, kó kọ́ bí ọwọ́ ṣe ń dúró. Irin páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fi ọmọ hàn: bí iná bá pọ̀ jù, ihò ló máa lù, bí ó bá kéré jù, electrode á lẹ̀ mọ́ irin pinpin, ọmọ á máa fà á bí ẹni fa eyín.

Ojú ńkọ́? Bí wọ́n bá wo iná láìbo ojú, kò ní dùn wọ́n lójú ẹsẹ̀. Tó bá di òru, iyanrìn ló máa dà bíi pé ó kún ojú wọn, omi á máa dà, wọn ò ní lè la ojú sí gílóòbù. Àwọn kan á ní kí ìyá ọlọ́mọ fún omi ọmú sí i. Ẹ má fún nǹkan kan sójú ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀gá tí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń pín ìbòjú kan lò ní mẹ́ta, ẹ má fi ọmọ síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ibi tí owó ti ń sọnù nídìí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ìdí iná. Ìdíyelé ni. Wẹ́dà á gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, á fi ra oúnjẹ, kó tó délé tí wọ́n ti ń ta irin, owó irin ti gòkè. Kó gba owó irin pé, kó ra irin lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó ronú owó iṣẹ́. Èyí gan-an ló yẹ kó kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọn kì í sì í fẹnu kọ́ni, àfi kó máa bá ọ̀gá lọ wọn iṣẹ́.

ÀlàájàPàkátà

Kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ nípa télọ̀ ọ̀fẹ́ ni? Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀! N'Ílọrin tí kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tí kò ní yìgì, tí kò ní wòlíìmọ́tù, tí Iléyá bá sì kù díẹ̀ télọ̀ kì í gbé fóònù mọ́? Ẹ̀rọ ìránṣọ kan, àga kan, ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí iná tó máa fọ́ ọ lójú, kò sí òrùlé tó máa já bọ́ láti orí ẹ̀.

Ọ̀gáJórin, Sawmill

Àlàájà, mo gbà fún yín lórí Iléyá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹbí tí wọn ò gbowó, ẹ bi í wò pé kí ló ń gbà dípò owó. Ọmọ á fọ ọkọ̀, á lọ mú ọmọ wá láti ilé ìwé, á bá ìyàwó ọ̀gá gbé ẹrù lọ sí Ìpàta. Tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹbí á pàdé lórí ẹ̀. Owó tí ẹ bá san ló ń fún yín lẹ́nu láti béèrè ohun tí ọmọ ti mọ̀.

ÀlàájàPàkátà

Kì í ṣe gbogbo ẹbí ló burú o. Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni ọmọ mi ti kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ ilé.

RíwáyàMáràbá

Ẹ rántí àwa tá à ń ṣe ríwáyà náà, ìyẹn iṣẹ́ iná ọkọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ló ti ní ojú ibi tí à ń ki scanner bọ̀, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, irú ọkọ̀ yẹn ló sì kún títì wa. Mẹkáníìkì àtijọ́ tí kò lè ka ohun tí scanner kọ, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé e wá. Ọmọ tó ní WAEC tó dáa máa jàǹfààní níbí, torí ìwé ni à ń kà: àwòrán wáyà, wáyà pupa tó ní ìlà àwọ̀ ewé, búlúù tó ní ìlà yẹ́lò, ibi tí ó ti wá, ibi tí ó ń lọ.

Olùkọ́Ajáṣẹ́

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní irú iṣẹ́ wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìwé kún un, torí gbogbo yín kàn ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ṣọ́ọ̀bù.

Bí JAMB ò ṣe gbà á yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ò ti ilẹ̀kùn ìwé mọ́ ọn. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ iṣẹ́ wà tí wọ́n ń ṣe ìdánwò àjọ NABTEB, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Benin. Ìwé tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ni NTC, ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ iṣẹ́. Tó bá ní krẹ́díìtì tó yẹ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, políì lè gbà á bí wọ́n ṣe ń gba ìwé WAEC, bóyá Kwara Poly tàbí ti Ọ̀fà. N'Ájàṣẹ́ níbí náà, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà, IVTEC. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ní ẹbí níbí, ẹ rán ẹnì kan lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà àti iṣẹ́ tí irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní tòótọ́. Ẹ wọ inú yàrá iṣẹ́ lọ, ẹ má dúró sí ọ́fíìsì. Ẹ̀rọ tí eruku bò, kò sẹ́ni tó ń fi kọ́ni.

Ẹni tó sì kọ́ṣẹ́ lẹ́bàá títì náà lè jókòó fún Trade Test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Grade III ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó lọ sí II àti I. Bí wọ́n bá ń gba oníṣẹ́ ọwọ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba, yunifásítì tàbí ilé iṣẹ́ ńlá, ìwé yìí ni wọ́n ń béèrè. Oníṣẹ́ iná ní tiẹ̀, NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná, ló ń fún un ní ìwé ẹ̀rí. Kí ẹ sì béèrè ní ọ́fíìsì NDE, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìríṣẹ́ṣe: láti 1986 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọ̀kan lára iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi àwọn ọ̀dọ́ sọ́dọ̀ ọ̀gá kí wọ́n kọ́ṣẹ́.

Ọ̀gáJórin, Sawmill

Olùkọ́, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sí mi fún oṣù díẹ̀, ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ ò lè jó igun géètì kó gún. Ó mọ orúkọ gbogbo nǹkan!

Olùkọ́Ajáṣẹ́

Mo gbà. Àwọn tiyín náà mọ ọ́n jó, wọn ò lè ka àwòrán tí ayàwòrán ilé fún wọn, wọ́n á ṣe irin àtẹ̀gùn tó kúrú, wọ́n á wá so igi mọ́ ọn. Kí ọmọ yìí kọ́ méjèèjì. Kó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá, kó máa múra Trade Test.

BàbáLándé

Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí ọmọ tún JAMB ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ń bẹ, àwọn tí kò rí ìwé kà ló wà fún.

ÀlàájàPàkátà

Bàbá Láńdé, ní ìlú tiwa yìí? Ìlú tí wọ́n ti ń lu ìlẹ̀kẹ̀ lántánà tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń wá rà, tí wọ́n ń mọ ìkòkò ní Dàda, tí wọ́n ń hun aṣọ òkè títí di òní? Lántánà ló ti kú, àwọn tó kù ṣì ń bọ́ ilé. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ míì.

Ọlọ́yẹ́Ọ̀fà

Ẹ ò mà dárúkọ fíríìjì àti AC. Láti February títí òjò á fi balẹ̀, mi ò kì í ráyè jẹun ọ̀sán. Ẹ gbọ́ apá kejì ẹ̀ o: tó bá di August, mò ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá mọ owó fi pamọ́, kó má wọ iṣẹ́ wa.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀gá kan ṣì ń kọ́ iṣẹ́ kún iṣẹ́, ẹ bi í bóyá ó ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gáàsì, àti ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù. Gáàsì R600a ló wà nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun. Ìwọ̀n gíráàmù la fi ń rọ ọ́, ó lè má ju 50 tàbí 60 lọ, ó sì ń gbaná bíi gáàsì ìdáná. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí gáàsì àtijọ́, R22 àti R134a, ṣì ń fi ọwọ́ díwọ̀n. Wọ́n á gbé iná sí páìpù tí gáàsì ò tíì tán nínú rẹ̀, kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́. Mi ò gba ọmọ báyìí, torí náà ẹ má rò pé mò ń polówó ọjà.

ÌyáHámdálà, Gáà-Àkànbí

Ọlọ́hun á san yín lẹ́san. Ọ̀rọ̀ tí oníríwáyà sọ ló mú mi rántí nǹkan kan. Ọmọ yìí kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé dáadáa. Láti kékeré la ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹ ní kó mú tòmátò tó pọ́n wá, á mú tútù mọ́ ọn. Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ yìí ni?

SólàTánkẹ̀

Ó kàn án gan-an! Wáyà àtijọ́ tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, pupa ni iná wà nínú ẹ̀, dúdú ni ìkejì ẹ̀, àwọ̀ ewé ni earth. Ẹni tó bá pààrọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé, ara ẹ̀rọ ìfọṣọ onílé ni iná máa dúró sí, yóò dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Tuntun sàn díẹ̀, torí earth rẹ̀ ní ìlà yẹ́lò lára, ṣùgbọ́n ilé àtijọ́ la máa ń pè wá sí jù. Ohun tí mo sọ lókè nípa iṣẹ́ iná, ẹ dá a dúró ná. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ìwé kan wà tí wọ́n máa ń ṣí, nọ́ńbà tí wọ́n fi àmì tótòtó olóríṣiríṣi àwọ̀ yà, ó tán. UITH, ọsibítù yunifásítì Ìlọrin, ní irú dókítà bẹ́ẹ̀.

RíwáyàMáràbá

Tiwa náà ti bọ́ nìyẹn. Nínú wáyà ọkọ̀, àwọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀.

ỌmọÒmùÀrán, Kánádà

Ẹ kú ilé o. Wẹ́dà ni mí níbí, n'Óńtáríò. Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn ọmọ náà: ìrìn àjò.

Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí o ti kọ́ṣẹ́. Irin méjì ni wọ́n máa gbé fún ọ, wọ́n á ní kó o jó o ní oríṣiríṣi ìdúró: èyí tó dùbúlẹ̀, èyí tó nàró, èyí tó wà lókè orí rẹ. Wọ́n á gé e, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kò títí wọ́n á fi rí inú rẹ̀. Bó bá ya, o ò yege. Tí o bá sì yege, lẹ́yìn ọdún méjì wọ́n á tún dán ọ wò. Géètì Ìlọrin kì í mú èèyàn yege rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni géètì, electrode 6013 la fi ń jó o. Irin nípọn ni wọ́n ń lò níbí, electrode 7018 ni, kò sì gbọdọ̀ gba ọ̀rinrin rárá. Bí ọ̀gá bá lè jẹ́ kó fi ìyókù irin nípọn gbìyànjú, kó máa ṣe é.

Ní ti àwọ̀, ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní irú ojú bẹ́ẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́ rí. Wẹ́dà ni, iṣẹ́ ẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Iṣẹ́ iná ní tiẹ̀, o ò lè dá a ṣe n'Óńtáríò láìní ìwé, wẹ́dà ò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má fi ọ̀rọ̀ àjò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Owó físà ò sí nínú ₦200,000.

ÀfáàGàmbàrí

Ọ̀rọ̀ àdéhùn tí arábìnrin bi yín, ẹ ti fò ó kọjá.

Kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹlẹ́rìí wà níhà méjèèjì. Ọdún mélòó: fún wẹ́dà, mẹ́ta ni mo máa ń rí jù, ẹni tó bá dàgbà tó sì ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì lè bẹ̀bẹ̀ kó di méjì. Ẹ má san owó ìkọ́ṣẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san apá kan níbẹ̀rẹ̀, apá kan tó bá pé ọdún kan, kí ìyókù dúró de fírídọ̀mù. Mo bá wọn parí ẹjọ́ kan nílé wa, ọ̀gá kú ní ọdún kejì, ìdílé rẹ̀ ní àwọn ò mọ̀ nípa owó kankan. Àwọn òbí ti san gbogbo rẹ̀ tán. Tani wọ́n fẹ́ bi?

Kí wọ́n kọ ẹni tó máa gbé owó ìtọ́jú sílẹ̀ bí irin bá gé ọmọ. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Jímọ̀ sí i. Kí wọ́n sì béèrè nísinsìnyí ohun tí ọ̀gá àti ẹgbẹ́ máa gbà lọ́jọ́ fírídọ̀mù, torí ìrẹsì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti owó ẹgbẹ́ lè ju owó ìkọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Mo ti rí ọmọ tó mọṣẹ́ tán, tó sì ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ lọ láìgbowó nítorí pé kò rí owó ìnáwó.

Ọ̀gáJórin, Sawmill

Àfáà, ẹ gbọ́ tẹnu ọ̀gá náà. Ọmọ á wá, á bàjẹ́ electrode mi fún ọdún kan, tó bá ti mọ irin ojú fèrèsé jó, á sá lọ dá tiẹ̀ dúró lẹ́yìn ọgbà ilé wọn. Ìdí tí àwa kan fi ń gba owó pé nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ san díẹ̀díẹ̀, ẹ wá onídùúró tó lójú.

ÀfáàGàmbàrí

Ìyẹn náà tọ́. Kí onídùúró wà, kó sì fọwọ́ sí ìwé.

ÌyáHámdálà, Gáà-Àkànbí

Bàbá wa ti ka gbogbo rẹ̀, mo kà á fún wọn létí. Wọ́n ní tí ọ̀rọ̀ ojú bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnu àwọn ò sí ní sólà mọ́, ṣùgbọ́n télọ̀ ṣì wà lọ́kàn wọn. Àbúrò mi ní òwú náà ní àwọ̀, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. A ó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, kó lọ máa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ìkejì kí a tó sanwó fẹ́nikẹ́ni. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà fún un?

Ọ̀gáJórin, Sawmill

Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ o, àwọn tó ń ta á máa fẹ́ tàn yín. Bàtà aláwọ tó bo ọrùn ẹsẹ̀, èyí tí irin kò lè tẹ̀ fọ́ níwájú, ẹ lè rí òkìrìkà rẹ̀ rà. Ṣòkòtò jíǹsì tí kò ní ìṣẹ́po nísàlẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ta iná máa ń kó sí. Ẹ̀wù òwú ni kó wọ̀. Jẹ́sì bọ́ọ̀lù yẹn, kó fi sílé, tí iná bá tà á, yíyọ́ ló ń yọ́ mọ́ ara. Ìbòjú tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 10 tàbí 11, àti gíláàsì funfun fún ìgbà tó bá ń lo gíráńdà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sára gbogbo rẹ̀. Ìyókù owó, ẹ tọ́jú rẹ̀ de fírídọ̀mù.